Mojọlá Tó Fi Orin Wó Ògiri

Bí o bá fẹ́ mọ Mojọlá ọmọ Adéyẹyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò, kí àlejò tó rí àyè yọ́ ọ wò. "Ẹ má fojú pamọ́ mọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Ìlàjẹ ni Ọlọ́run ń gbẹ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ṣú, ló bá so méjèèjì mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Òkìtìpupa, ọ̀gá rẹ̀ máa ń pariwo pé bí ẹsẹ̀ ọmọ yìí bá ti kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ ti parí, díẹ̀ ló sì kù kó rán tábìlì mọ́ ọn.

Ọdún 1970, ọdún tí ogun parí, ló gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, tó sì padà sí Ìdí-Ọ̀gànwó, abúlé wa kékeré tí kò jìnnà sí Ìkọ̀yà. Ó ní torí kí òun lè máa tọ́jú Yèyé Aníwúrà, ìyá tó bí bàbá òun, ni òun ṣe padà wálé. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Òkìtìpupa, kò sí ẹni tó mọ àwọn tí Mojọlá ń sín jẹ. Kí ni èrè kí ènìyàn máa rìn bíi Bàbá Adéjọbí, olórí àdúgbò, tó máa ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ré àwọn tó ń sùn kọjá, níwájú ẹni tí kò rí Bàbá Adéjọbí rí? Ní Ìdí-Ọ̀gànwó, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, àwọn ènìyàn ti ń di inú mú.

Wọn kì í bá a bínú pẹ́, nítorí kó tó bú ọ tán, ó ti bú ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó sáré wá sọ fún Dora, ọmọ Bàbá Adéjọbí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, pé ewúrẹ́ ti dé ìdí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí Dora sá sóòrùn. Dora bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mojọlá búra. Dora tún rẹ́rìn-ín sí ìbúra náà. Ìgbà tí wọ́n fi dé ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ ti jẹun tán, ó ń wá omi.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ní ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé láìṣe àwàdà. Ìjókòó kan ni.

Ilé àpérò wa kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń sùn. Ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà lọ, kí ẹni tó ń kọjá lè yọjú wo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà lè mọ ẹni tó ń yọjú. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Amọ̀ ni pèpéle tó yí inú rẹ̀ ká, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tirẹ̀ lórí pèpéle náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ààlà oko, níbẹ̀ náà ni ọkùnrin méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti máa ń fara kanra jókòó, tí ọ̀kan yóò sì yíjú sí ẹni kẹta: "Bá mi sọ fún un pé kó sún ẹsẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àárín, ìjókòó amọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ìdílé kankan. Ti adáorin ni. Obìnrin tó bá dá orin tí wọ́n fi tẹ amọ̀ ilé náà ló ń jókòó síbẹ̀, òun nìkan sì ni obìnrin tó lè la ohùn nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń ṣèpàdé. Yèyé Aníwúrà ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá Mojọlá ṣì ń mu ọmú. Wọ́n ní ìgbà kan wà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ gba ibi tí àwọn obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, kí àwọn lè máa mu ẹmu níbẹ̀ torí pé ó ní ibòòji. Gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i tán. Yèyé kò dìde. Ó kàn béèrè pé, "Níbo ni epo ọbẹ̀ yín yóò ti máa wá?" Ìpàdé tú.

Òjò ọdún 1970 náà ló wó ilé àpérò. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó ránṣẹ́ pé àwọn yóò fi páànù àti sìmẹ́ǹtì kọ́ òmíràn. Bàbá Adéjọbí béèrè ohun kan péré: "Bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù, ta ni yóò gbọ́ ohun tí mo bá ń sọ?" Àwọn kan wà tó rò nínú ara wọn pé ìdí gan-an tí páànù fi dára nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ síta. Gbogbo wa fẹnu kò pé amọ̀ àti gbòdògì ni, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àti pé bí ọyẹ́ bá ti dé, a ó bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló mú kí Mojọlá lọ jókòó ti Yèyé lẹ́bàá ààrò.

"Yèyé, mo fẹ́ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí nílé àpérò."

Yèyé ń retí ìyókù àwàdà náà. Kò sí ìyókù.

"O ti parí ọ̀rọ̀ rẹ ni?"

"Mo ti parí, Yèyé."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Yèyé wí, ó sì ń ko iná lọ.

Ohùn Yèyé ti lọ. Ó ti dà bí ohùn ìlẹ̀kùn tí kò rí epo lára ìdè rẹ̀. Kò lè dá orin amọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ náà ni wọn yóò ti gbọ́ ẹni tó gba ipò rẹ̀: ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìjókòó adáorin, adáorin àtijọ́ ni yóò fi orin pe tuntun, ẹni tí ó bá pè ni yóò gbé amọ̀ ìjókòó náà wá. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá lè dá orin kí ó dá a. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Dora ni Bàbá Adéjọbí ń fẹ́ kó gba ipò náà. Dora ń kọrin ní ìjọ Aládùúrà, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó bá fẹ́ jáde kúrò ní ìsìn á tún jókòó.

Orin amọ̀ kò dà bí orin ìsìn. Nínú kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, adáorin ni yóò máa fi orin sín ènìyàn jẹ. Ẹni tí adáorin bá dárúkọ kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu dáhùn. Amọ̀ ni yóò fi dáhùn: yóò di ẹrù amọ̀ sínú ọpọ́n, yóò gbé e lọ fún mọlémọlé lẹ́bàá ògiri. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ga ju orúnkún lọ. Bí mọlémọlé bá ti ké pé "Ó tó!", orin tán, gbogbo ènìyàn á lọ sílé, ìpele náà á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e.

Mojọlá mọ gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ló kọ́kọ́ bọ́ sínú kòtò, ó sì gba orin kí Dora tó ká ìdí aṣọ rẹ̀ sókè. Bàbá Zacchaeus ló fi bẹ̀rẹ̀, àgbà ìjọ Aládùúrà, tó wọ súkénì, aṣọ ìsìn funfun, wá gbàdúrà sí ilẹ̀ náà, tó sì ti ń wá ọ̀nà àtilọ.

"Zacchaeus aláṣọ funfun,
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ náà funfun báláú,
Níbo lo ti mọ amọ̀ rí?"

Àwọn ènìyàn gbè é, ẹsẹ̀ ń lọ gbì, gbì, gbì. Bàbá Zacchaeus ká súkénì sókè, ó di amọ̀, ó gbé e. Inú Mojọlá dùn dé ibi tí kò ti yẹ kí inú ènìyàn dùn dé. Ó pe ará òkè abúlé, ó pe ará ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún ará òkè pé ará ìsàlẹ̀ ń gbé amọ̀ bí ẹni gbé òkú, ó sọ fún ará ìsàlẹ̀ pé ará òkè ń gbé tiwọn bí ẹni gbé ìyàwó ẹlòmíràn. Amọ̀ ń wọ́ lọ síbi ògiri bí èèrà.

Jethro mọlémọlé gbójú sókè, ó fẹ́ la ẹnu. Bóyá "Ó tó" ló fẹ́ sọ. Mojọlá kò jẹ́ kí a mọ̀.

"Jethro mọlémọlé,
Ìgbín ń kọjá, ó kí ọ,
Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dúró dè ọ́?'"

"Èmi!" ni Jethro wí. "Ìgbín!" Ó pa ẹnu dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kó amọ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ẹni tí yóò sọ "Ó tó" mọ́. Ògiri kọjá orúnkún, ó kọjá ìbàdí, amọ̀ tútù lórí amọ̀ tútù, ó sì ń lọ sí àyà. Lábẹ́ igi ọ̀gànwó, níbi tí Yèyé Aníwúrà jókòó sí, Mojọlá rí i pé ètè Yèyé ń mì. Ó ní, "Ẹ wò ó, Yèyé mi náà ń gbè é!" Ó bá gbé ohùn sókè sí i.

Ògiri náà kò wó bí ohun tó ń wó. Ńṣe ló jókòó. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbàlagbà tó ti rìn jìnnà, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń na ẹsẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí àwọn obìnrin gbé oúnjẹ sí. Ó bo púpurú. Ó wọ inú ìkòkò marúgbó. Ọbẹ̀ marúgbó dúdú, amọ̀ kòtò wa náà dúdú, wọ́n sì ní ẹnì kan jẹ òkèlè méjì kó tó mọ̀. Bàbá Zacchaeus kò tíì gbà pé òun ni.

Bàbá Adéjọbí ré amọ̀ kọjá, ó dúró níwájú Mojọlá.

"Mojọlá. Ṣé ó ku orin kan?"

Mojọlá tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ amọ̀ kúrò lórí púpurú.

"Ó dára. Láti òní lọ, Dora ni yóò máa dá orin."

Nígbà tí wọ́n délé, Mojọlá ń fọ amọ̀ kúrò láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí kì í yá. "Yèyé," ó ní, "nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò wó ògiri Jẹ́ríkò, tí wọ́n ń yí ìlú ká lásán, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn pé mo wà nílé?"

Yèyé kò rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ọ pé ó tó."

"N kò gbọ́ yín, Yèyé."

"Mo mọ̀. Ohùn tìrẹ lo ń gbọ́."

Mojọlá fọ ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, Dora dá orin. Ẹ jọ̀ọ́, orin náà dùn. Ó dùn débi pé Bàbá Zacchaeus di ojú, ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn tó kù sì ń mì sọ́tùn-ún mì sósì láìgbé ẹsẹ̀. Amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ wọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Dora gbìyànjú láti pe orúkọ. Ó kọ ọ́ lórin pé kí Bàbá Zacchaeus jọ̀wọ́ bá wa gbé amọ̀ díẹ̀ bí kò bá ni wọ́n lára. Bàbá Zacchaeus ní, "Àmín."

Mojọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kòtò, ó ń tẹ amọ̀ bí gbogbo ènìyàn, ó sì ti pinnu pé ẹnu òun kò ní là lónìí. Dora fara tì í.

"Mojọlá, mo gbé. Wọ́n ń sùn lórí ìdúró."

"Bú wọn."

"Bí mo ṣe fẹ́ bú àgbàlagbà? Bàbá mi ń wò mí."

"Bú mi nígbà náà."

"Kí ni mo fẹ́ fi bú ẹ?"

Mojọlá wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún wò ó. "Dora, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Ó bá sọ ọ́ sí i létí, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, Dora sì fi ohùn ìsìn rẹ̀ gbé e:

"Mojọlá ẹlẹ́sẹ̀ ọkọ̀,
Ó wọ kòtò, amọ̀ sá,
Ó yọ sí ògiri, ògiri dọ̀bálẹ̀."

Bàbá Zacchaeus lajú. Gbogbo kòtò jí. Wọ́n gbè é bí ẹni tó ti ń fi ebi dúró de oúnjẹ, Mojọlá sì di amọ̀ sínú ọpọ́n, ó gbé e lọ fún Jethro. Ó rò pé Dora yóò wá pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà. "Tún un pè! Tún un pè!" Ìyàwó Jethro mú tirẹ̀ wá, ó sọ ọ́ sí Dora létí, Dora gbé e. Ẹnì kan tún mú ti ewúrẹ́ wá. Bàbá Adéjọbí pàápàá, tó dúró lẹ́bàá kòtò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, wúkọ́, ó ní bí wọ́n bá fẹ́, òun ní ọ̀kan tó sọ nípa bí ọmọ kan ṣe ń sín àgbà jẹ tí kò sì mọ ìrìn tirẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó dára gan-an.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Mojọlá nìkan ló ń gbé amọ̀. Bó ti ń gbé ọ̀kan dé ni wọ́n ti ń pè é padà. Ọrùn rẹ̀ wọlé sínú èjìká. Bí ẹnì kan bá dá orin tí kò lọ dáadáa nípa rẹ̀, ńṣe ló ń dúró lábẹ́ ẹrù láti tún un ṣe fún un: "Rárá, Bàbá, ẹ má fi 'pẹlẹbẹ' sí ìparí, ẹ fi síwájú, á dùn lẹ́nu wọn." Jethro ní tirẹ̀, ẹrù kan ṣoṣo ń dé bá a lẹ́ẹ̀kan, ó rí àyè lẹ̀ ẹ́, ó rí àyè fi ọwọ́ ra á, ó rí àyè yí i ká wò ó. Nígbà tí ìpele náà dé orúnkún, ó nà ró.

"Ó tó!"

Gbogbo ènìyàn gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe é títí ògiri fi parí nìyẹn. Kò sí pé a ń ké pe ènìyàn wá síṣẹ́ mọ́. Ilé ni wọ́n ti ń hun orin Mojọlá wá. Àna Jethro kan tó wá kí i láti Akotogbo, tí kò rí Mojọlá rí, mú tirẹ̀ wá láti ilé. Ó dárin tán ló tó béèrè pé, "Èwo nínú yín ni?"

Ṣùgbọ́n ìjókòó ló wà lọ́kàn Mojọlá, òun nìkan ló sì mọ bó ṣe ń dùn ún tó. Lálẹ́, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú. Ó fẹ́ jẹ́ adáorin, Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà rẹ̀ díẹ̀: kò di adáorin, ó di orin. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ògiri.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mọ ìjókòó adáorin, gbòdògì ti wà lórí ilé, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bàbá Adéjọbí ti wọ aṣọ tó dára. Dora dúró lẹ́bàá òpó. Mojọlá lọ sí ìparí ilé pátápátá, ó da ojú ọpọ́n rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e.

Wọ́n fa Yèyé Aníwúrà lọ́wọ́ wọlé. Kò tíì jókòó tó fi bi Dora.

"Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa. Ta ni o ń pè láti ọjọ́ yìí?"

"Mojọlá ni, Yèyé."

"Ṣé o lè pe ẹlòmíràn?"

Dora wo ilẹ̀. "N kò lè pè é, Yèyé. Bí mo bá ti rí ojú wọn, orin á lọ."

"Bí bàbá rẹ bá wá ṣì í sọ nínú ìpàdé ńkọ́?"

"Háà, Yèyé! Màá kúkú máa lọ sílé."

Ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Adéjọbí kò rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ dákun. Ẹni tí ẹ fẹ́ pè yìí ló wó ògiri wa."

"Ó wó o. Orí ara rẹ̀ náà ló sì fi gbé e padà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé amọ̀ lé amọ̀ tútù, tí ẹ mọ̀ pé kò dára, èwo ni ẹ gbé padà nínú tiyín?"

Bàbá Adéjọbí wúkọ́ títí. Jethro ń wo èékánná rẹ̀.

Yèyé bá dá orin. Kì í ṣe ohùn mọ́, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mí kí ó má baà bò ó mọ́lẹ̀.

"Ọmọ arẹ́rìn-ín tí kì í gbọ́ràn,
Etí rẹ dà, a ń pè ọ́,
Gbé amọ̀ ìjókòó rẹ wá."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo orí ló yí sí ìparí ilé.

Mojọlá dìde. Èsì kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì dára, ó gùn díẹ̀. Ó gbé e mì. Ó mú ọpọ́n, ó jáde lọ sí kòtò, ó di amọ̀ sínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbé e wọlé, gbogbo ènìyàn sì ń gbè é lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí omi bá wà lójú rẹ̀, omi amọ̀ ni. Dora fi ìdí aṣọ nu ojú náà fún un, ó ní, "Máa rọra, wàá tún wó eléyìí."

Jethro mọ ìjókòó náà. Ó lẹ̀ ẹ́, ó ra á, ó fi omi dán an títí ó fi ń kọ yẹ̀rì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fara kàn án títí yóò fi gbẹ, ó sì lọ ṣan ọwọ́.

Nígbà tó padà wọlé, Mojọlá ti wà lórí rẹ̀.

Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni. Ó fẹ́ dìde, amọ̀ kò gbà. Dora di ọwọ́ kan mú, Bàbá Zacchaeus di ìkejì mú, wọ́n fà á, ó sì yọ pẹ̀lú ariwo kan tí Bàbá Zacchaeus ní kí á má ṣe sọ nípa rẹ̀ nílé Ọlọ́run. Ihò méjì rìbìtìrìbìtì wà nínú ìjókòó náà, ó hàn bí ojú. Jethro wò ó pẹ́.

"Ṣé kí n tún un mọ?"

"Má tún un mọ," ni Bàbá Adéjọbí wí. "Bó bá ń bú wa nínú ìpàdé, kí àwa náà lè rí nǹkan tọ́ka sí."